Àwọn Tó Ń Jẹun Gbẹ̀yìn ní Agége

Òfin kan wà ní ìjọ wa ní Agége nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò sí nínú ìwé òfin ìjọ, mi ò sì rí ẹnikẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tí wọ́n fi í lélẹ̀. Ẹni tó bá di ìgbákọ mú ni yóò jẹun gbẹ̀yìn. Ìbáà ṣe ọjọ́ ìkórè, ìbáà ṣe ìsìnkú, ìbáà ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin lásán, àlejò ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Àwọn ọmọdé á tẹ̀lé e, á wá kan àwọn arúgbó, àwọn tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, àwọn akọrin. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ti nu ẹnu tán ni àwọn tó dáná yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí ohunkóhun bá kù, wọn á pín in. Bí kò bá kù, wọn á bu omi sí ìkòkò, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á sì gba ilé wọn lọ. Ìyá mi wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo rí wọn tí wọ́n ti ìkórè dé, tí wọ́n bu gààrí sínú abọ́, tí wọ́n da omi lé e, ní ọjọ́ tó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni gbogbo ìjọ ti gba ìrẹsì.

Ẹni tí kò bá mọ Agége ayé ìgbà yẹn lè rò pé ẹ̀yẹ lásán ni wọ́n ń ṣe fún àlejò. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé Awólọ́wọ̀ ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà, kí Ìkẹjà tó bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1967. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962. Cadbury dé Àgídìńgbì ní 1965. Dunlop ń ṣe táyà, Nigerian Textile Mills ń hun aṣọ ní ọ̀nà Ọba Àkràn, ọ̀nà tí wọ́n fi sọrí Ọba C. D. Àkràn ti Àgbádárìgì, ẹni tó ti ṣe mínísítà ní ìjọba Ìbàdàn. Ìkẹjà ni ẹ̀rọ wà. Agége, Ọ̀gbà, Dọ̀pẹ̀mú àti Mangoro ni àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ń sùn, nítorí yàrá kò wọ́n lọ́dọ̀ wa bí i ti ibòmíràn. Ṣíìfù mẹ́ta ló wà: aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, aago méjì sí mẹ́wàá alẹ́, mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà ìdájí. Bàbá mi wà ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe aṣọ. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ òru, àwa ọmọ kì í gbé ohùn sókè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, torí yàrá kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Bí owó oṣù bá wọlé, owó ilé á gbà nínú rẹ̀, owó ilé-ìwé á gbà, gbèsè ọjà á gbà. Nígbà tó bá fi máa di ogúnjọ́ oṣù, ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa ti ń dáná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́. Nítorí náà, oúnjẹ tí ìyá mi ń bù sí àwo ẹlòmíràn ní ọjọ́ Àìkú kì í ṣe àjẹkù. Ìpín tiwọn gan-an ni, ẹran tó wà lórí rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹran kan ṣoṣo tí wọn ì bá fojú rí kí oṣù tó parí.

Ọdún 1971 ni mo kọ́kọ́ rí bí òfin yẹn ṣe jáde kúrò nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Simeon Adébọ̀ ṣe alága rẹ̀ ti dá a lábàá ní ìparí ọdún tó ṣáájú pé kí wọ́n fi owó ìrànwọ́ kún owó àwọn òṣìṣẹ́, torí ọjà ti gbówó lórí lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ní Ìkẹjà kò fẹ́ san án. Làwọn òṣìṣẹ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ń tẹ̀lé òmíràn. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni màmá mi ń tà lẹ́nu géètì nígbà náà, owó ọwọ́ àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ni àwọn àti gbogbo obìnrin olóúnjẹ tó wà níbẹ̀ sì fi ń gbọ́ bùkátà. Nígbà tí owó dá, àwọn obìnrin náà kò gbé igbá wọn kúrò. Wọ́n ń ta àwìn. Màmá mi kò mọ̀wé púpọ̀. Èédú ni wọ́n fi ń fa ìlà sára ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, ìlà kúkúrú fún ẹ̀kọ, ìlà gígùn fún mọ́ínmọ́ín, àmì kọ̀ọ̀kan lókè fún oníkálukú. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ parí. Ọ̀pọ̀ wá san gbèsè wọn, àwọn kan kò san, àwọn kan sì ti kó kúrò ládùúgbò. Nígbà tí ọdún Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀, màmá mi po ẹfun, wọ́n fi kun ògiri náà látòkè délẹ̀. Bàbá mi béèrè pé ṣé gbogbo owó ti pé ni. Wọ́n ní kò pé, pé àwọn kò kàn fẹ́ lọ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kí àmì ẹnikẹ́ni ṣì wà lára ògiri àwọn.

Mi ò rò pé ìran ìyá mi ló dá irú ìwà yìí sílẹ̀. Ìjọ African Church ni tiwa, ìtàn ìjọ náà àti ìtàn Agége sì wọ inú ara wọn. Ní 1901, nígbà tí wọ́n mú Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson kúrò ní ilé àlùfáà St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bínú jáde, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, ní oko ńlá ní Ìfàkọ̀ lẹ́bàá Agége. Kòkó ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Captain J. P. L. Davies ti gbin kòkó sí oko tirẹ̀ ní Ìjọn ní nǹkan bí ọdún 1880, àwọn àgbẹ̀ Agége sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1907, Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Agege Planters' Union. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti òkè ń wá ṣe lébìrà ní oko wọn. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó, bí a ṣe ń sá a, wọ́n gbọ́ ìhìnrere níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì kó irúgbìn àti ìgbàgbọ́ padà lọ sí ilẹ̀ Ìbàdàn, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Èkìtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Olóko tó fẹ́ kí kòkó òun nìkan máa tà ì bá fi irúgbìn pamọ́. Coker jẹ́ kí àwọn tó máa di olùdíje rẹ̀ lọ́la kó o lọ, ó sì ń ná èrè oko rẹ̀ sórí iṣẹ́ ìjọ. Nígbà tó fi kú ní 1945, òkè ni ibùdó kòkó ilẹ̀ Yorùbá wà, kì í ṣe Agége mọ́. Nígbà tí mo dàgbà, mo rí àwọn tó ń sọ èyí bí ìtàn àdánù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìjọ wa nígbà tí mo di ọ̀dọ́ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò gbé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Kùmásí ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣòwò aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti bímọ. Ní November 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ló wà nínú wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà, àwọn tí bàbá bàbá wọn ti ń tajà ní ọjà Kùmásí. Ìyá Ìjọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ nínú rẹ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Agége pẹ̀lú àpótí kan. Onítẹ̀bọmi ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìjọ wa ló sún mọ́ ilé tí wọ́n wọ̀ sí, wọ́n bá wa jọ́sìn ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, wọn kò sì kúrò mọ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ Kùmásí bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè.

Ní ọjọ́ 17 oṣù January 1983, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Shagari, Àlhájì Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde ní Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún àwọn náà. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìjọba ti dí ọ̀nà ọ̀pọ̀ ọjà tó ń ti òkè òkun wọlé láti 1982, àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà kò rí èròjà tó, ẹ̀rọ ń dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bí i mélòó kan. Ọkàn àwọn ènìyàn ti le. Àwọn ará Gánà tó wà láàárín wa pọ̀ gan-an: nílé búrẹ́dì, níbi ilé kíkọ́, lẹ́nu iṣẹ́ bàtà, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ òòjọ́ ní ilé-iṣẹ́. Ọmọ Gánà ni tíṣà tó kọ́ mi ní ìṣirò. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó ní láti lọ, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo gbọ́ tí àwọn ọkùnrin nínú ìjọ wa ń dúpẹ́ pé iṣẹ́ yóò wá kárí àwọn ọmọ onílẹ̀ báyìí. Ebi ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò dùn mọ́ mi.

Ọ̀nà ilẹ̀ kò lọ tààrà. Ìjọba Rawlings ti ti ẹnubodè Gánà láti ọdún tó ṣáájú, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ sì ti tiwọn, wọn kò fẹ́ kí ọ̀pọ̀ èrò há sí àwọn lọ́wọ́. Àwọn tó gba Ṣẹ́mẹ̀ lọ há sójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn lọ dúró sí èbúté ní Àpápá, àwọn mìíràn sì tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, pẹ̀lú àwọn báàgì onílà tí wọ́n di ẹrù wọn sí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ń pa wọ́n lọ́sàn-án, ọyẹ́ ń mú wọn lóru.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìkéde náà, nígbà tí wọ́n ka ìfilọ̀ tán, Ìyá Ìjọ dìde níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọn kò wàásù. Wọ́n ní kí gbogbo ilé tó bá ń dáná lálẹ́ ọjọ́ náà bu ìdajì oúnjẹ wọn wá sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wá fi kún un: "Ẹ bù ú kí ẹ tó jẹ. Ẹ má jẹ ẹ́ kí ẹ tó bù ú."

Ọ̀rọ̀ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ilé wa. Iṣẹ́ òru ni bàbá mi ń ṣe lọ́sẹ̀ náà, ìdajì oúnjẹ túmọ̀ sí pé ìdajì ikùn ni wọn yóò fi dúró ti ẹ̀rọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n sọ èyí fún màmá mi, ohùn wọn kò sì rọ̀. Màmá mi kò dá wọn lóhùn. Wọ́n pín ẹ̀bà inú ìkòkò sí méjì níwájú wọn, wọ́n bu ọbẹ̀, wọ́n sì wé e. Bàbá mi jẹ tiwọn tán, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wá béèrè pé ta ni yóò gbé ìkòkò dé pápákọ̀. Kẹ̀kẹ́ wọn ló gbé ti ilé wa àti ti ilé mẹ́ta mìíràn lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó yà sí ẹnu iṣẹ́.

Mo tẹ̀lé Ìyá Ìjọ lọ lọ́jọ́ kejì nínú dánfó tí ọmọ ìjọ kan yọ̀ǹda. Bí a ti sọ ìkòkò kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Twi. Mi ò gbọ́ èdè yẹn lẹ́nu wọn rí. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n, tó ti kọ ẹ̀yìn sí wa, yí padà bí ìgbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n dáhùn, wọ́n jọ ń sọ ọ́ lọ, omi ń dà lójú obìnrin náà, Ìyá Ìjọ sì ń bu ẹ̀bà nìṣó. Mo rí tíṣà mi nínú èrò náà. Ọkùnrin tó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ mi sọ́nà dúró pẹ̀lú abọ́ ike lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn níbẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n sì bi mí pé ṣé ìwé-ẹ̀rí mi ti jáde. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ojú wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo na abọ́ ọbẹ̀ sí wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n bọ́ sí, wọ́n ní kí àwọn ọmọdé tó wà níwájú kọ́kọ́ gbà.

Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa bi Ìyá Ìjọ ní ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn gbogbo wa: pé àwọn tó lé yín pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, báwo lẹ ṣe lè máa fún wọn lóúnjẹ? Ìgbà náà ni wọ́n sọ fún wa pé obìnrin Ashanti kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tiwọn ní Kùmásí ló gbé àbíkẹ́yìn wọn sẹ́yìn dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, tó sì fi oúnjẹ sọ́wọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kódà bí kò bá sí obìnrin yẹn, Júdásì ṣì wà lórí ìjókòó nígbà tí Olúwa wa di aṣọ mọ́ ìbàdí tó ń wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Ó fo ẹsẹ̀ ti Júdásì. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí orí kẹtàlá ìwé Jòhánù láti ìgbà náà, látẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí èyí tí mo gbọ́ nínú dánfó.

Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, Rawlings ṣí ẹnubodè Gánà, ọ̀nà sì là. Kí oṣù February tó tán, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pápákọ̀ ti mọ́ pátápátá, àwọn ọkùnrin tó rò pé iṣẹ́ yóò kárí kò sì rí iṣẹ́ kankan gbà, nítorí kì í ṣe àwọn ará Gánà ló sọ ẹ̀rọ di aláìríṣẹ́.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ọdún ìlà. Ìjọba Buhari àti Idiagbon gbé ogun dìde sí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ní March 1984, sójà ń kọ́ wa bí a ṣe ń tò. A tò fún mílíìkì, a tò fún ṣúgà àti ọṣẹ, ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ẹsẹ́ńkò. Ní April, ìjọba pààrọ̀ owó náírà, wọ́n sì fún wa ní ìwọ̀nba ọjọ́ láti kó tàtijọ́ lọ sí báńkì. Àwọn obìnrin ìjọ wa máa ń jí lọ tò láti ìdájí, bí oòrùn bá wá mú, wọ́n á pe arúgbó tàbí abiyamọ kan láti ẹ̀yìn, wọ́n á fi í sí àyè wọn, àwọn fúnra wọn á sì lọ dúró ní ìparí ìlà. Ẹ kíyè sí i pé wọn kì í mú ẹlòmíràn wọlé síwájú ara wọn kí wọ́n ṣì dúró síbẹ̀. Ìyẹn ì bá jẹ́ ìrẹ́jẹ fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Àyè tiwọn ni wọ́n fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni SAP dé, ètò ìjọba fún àtúntò ọrọ̀-ajé. Ní September 1986, ìjọba Babangida jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ilé-iṣẹ́ tó ń ra èròjà lókè òkun kò lè rà á bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró ní mẹ́wàá mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ní ọgọ́rùn-ún. Bàbá mi ti di fóòmánù nígbà náà. Lẹ́tà tiwọn dé ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n kà á fún màmá mi, wọ́n ká a, wọ́n sì fi í sínú Bíbélì wọn. Láti ọ̀sẹ̀ náà, wọn kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, nítorí pé igbá ọrẹ yóò dé iwájú wọn, wọn kò sì ní ohun tí wọn yóò jù sínú rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ìjọ wa lọ́dún náà àti lọ́dún tó tẹ̀lé e. Oúnjẹ wà fún wọn, torí àwọn obìnrin ti ń dáná ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ọjọ́rú fún àwọn opó àti aláìríṣẹ́. Wọn kò wá. Ọkùnrin tó ti ń tẹ káàdì wọlé iṣẹ́ fún ogún ọdún kò lè gbé àwo dúró níwájú ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Pétérù pàápàá kọ̀ kí Jésù wẹ ẹsẹ̀ òun, kì í sì í ṣe ìgbéraga nìkan ló fà á. Ó ṣòro láti jókòó kí ẹlòmíràn máa tẹ̀ ba fún ọ. Mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń pe ara wa ní olùfúnni kò ronú kan ibẹ̀ rárá. À ń gbé oúnjẹ lọ, à ń ya fọ́tò, a kò sì wo ojú ẹni tó ń gbà á.

Ìyá Ìjọ wo ojú wọn. Wọ́n wá sí ilé wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọwọ́ òfo ni wọ́n mú wá. Wọ́n bẹ bàbá mi pé igi ìdáná ti tán ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin kò lè la èyí tí wọ́n já sílẹ̀, ìkòkò ńlá tuntun sì wúwo ju ohun tí wọ́n lè gbé kúrò lórí àdògán. Wọ́n ní, "Ẹ bá wa wá, Bàbá. A nílò yín." Bàbá mi mú àáké lọ́jọ́ kejì. Wọ́n la igi, wọ́n pọn omi, wọ́n sọ ìkòkò. Nígbà tí èrò dé, obìnrin kan fi ìgbákọ lé wọn lọ́wọ́ kó lè lọ gbé ọmọ tó ń sunkún, kò sì tètè padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni fóòmánù tí kò bu oúnjẹ sí àwo ara rẹ̀ rí nínú ilé dúró tó ń bu ẹ̀wà fún opó. Nígbà tí gbogbo ènìyàn jẹ tán, wọ́n jẹun pẹ̀lú àwọn tó dáná, bí òfin ti wí. Wọ́n jẹun yó lọ́jọ́ náà láìsí ojútì. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú ọkùnrin méjì mìíràn lọ, wọ́n sì tún padà sórí ìjókòó wọn ní ọjọ́ Àìkú.

Orí kẹfà Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì sọ bí ìjọ àkọ́kọ́ ṣe yan ọkùnrin méje láti máa bojú tó tábìlì oúnjẹ nígbà tí àwọn opó kan ń ráhùn pé a ń gbàgbé àwọn. Ìwé náà béèrè pé kí àwọn méje yẹn kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ kí a tó fi oúnjẹ pínpín lé wọn lọ́wọ́. Mo máa ń ronú kan ọ̀rọ̀ yẹn bí mo bá gba ọ̀nà Ọba Àkràn kọjá lóde òní. Dunlop kò ṣe táyà níbẹ̀ mọ́ láti ìparí 2008, ẹ̀rọ ìhunṣọ ti dákẹ́, àwọn gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ kan sì ti di ilé ìsìn. Inú mi dùn pé wọ́n ń yin Ọlọ́run níbẹ̀. Àmọ́ mo ti jókòó nínú àwọn ìjọ tí olórí ti jẹun tán nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù kí àwọn tó pa àga mọ́ tó rí omi mu, kò sì yẹ kí á máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọ̀wọ̀.

Ìyá Ìjọ ti sùn nínú Olúwa, bàbá mi náà sì ti lọ, kí ọjọ́ 27 oṣù January 2002 tó dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Àgbá àti bọ́ǹbù inú àgọ́ sójà Ìkẹjà gbiná, ó ń bú gbàù títí ilẹ̀ fi ṣú, fèrèsé ń fọ́ ní Agége. Àwọn ènìyàn sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn tó gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ lọ já sínú kànáàlì ńlá tó wà ní Òkè-Àfà lókùnkùn. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ ọmọdé ló sì wà nínú wọn. Àwọn tó sá gba ọ̀nà tiwa kún inú ṣọ́ọ̀ṣì wa àti ọgbà rẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹnikẹ́ni kò pe ìpàdé. Àwọn obìnrin ti dá iná sábẹ́ àdògán, àwọn ọmọ àwọn tí SAP dá dúró ń la igi, èmi náà di ìgbákọ mú. Ìdájí ni oúnjẹ kan àwa tó dáná.

Ọ̀pọ̀ èrò padà sílé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àwọn ọmọ kan kù sí wa lọ́wọ́ tí wọ́n ti sọnù mọ́ òbí wọn nínú èrò, àwọn kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò mọ̀ ju orúkọ àbísọ wọn lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ìjọ kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àlejò pọ̀. Àlùfáà wa mú ìwé jáde ní àkókò ìfilọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ka orúkọ gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ náà, kí ìjọ lè dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ màmá mi ló wà lókè. Ọjọ́ orí wọn ti lọ sókè nígbà náà, wọn kì í sábà dìde bí wọ́n bá ti jókòó. Wọ́n dìde. Wọ́n ní kí Bàbá Àlùfáà má bínú, pé àkókò ìfilọ̀ kò gùn, kí wọ́n jọ̀wọ́ ka orúkọ àwọn ọmọ.

Àlùfáà ká ìwé náà, wọ́n fi í sí àpò. Wọ́n pe àwọn ọmọ wá síwájú, wọ́n ń pe orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ọjọ́ orí tí a fojú bù fún wọn àti àwọ̀ aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá. Wọ́n dé orí ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ òféfèé. Ọkùnrin kan láti Mangoro, tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pè é wá sí ìjọ wa lọ́jọ́ náà, pariwo lẹ́yìn, ó sì ń ti àga kúrò lọ́nà bọ̀ wá síwájú. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ni.